Ìsọ̀ Pákó Kan ní Ọ̀nà Ìgbógbó, àti Kọ́bọ́ọ̀dù Bàtà Tí Mo Fi Pákó Wọn Kàn

Nínú iṣẹ́ kíkan kọ́bọ́ọ̀dù bàtà nílé, gígé pákó ló le jù. Ẹni tí wọ́n bá gé pákó rẹ̀ dọ́gba, skúrù àti gúlúù ló kù, ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe káfíńtà sì lè ká ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ bá wọ́ díẹ̀ péré, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní pa dé dáadáa, bó ti wù kó so ó le tó. Ojú yìí ni mo fi wo ìsọ̀ pákó kan tó wà lójú ọ̀nà Ìgbógbó ní Ìkòròdú, níbi tí mo ti ra pákó tí mo fi kan kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé díẹ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ kò ní dùn mọ́ wọn, irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ nílùú wa tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà fi lè wúlò fún ẹni tó bá ya òmíràn.

Ẹ̀rọ ìgépákó wọn àti ọ̀dọ́kùnrin tó wà nídìí rẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ yìn. Pláíwúùdù kan máa ń jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 122 ní ìbú àti 244 ní gígùn, èyí tí àwọn oníṣọ̀ọ́ ń pè ní ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8. Èyí tó nípọn tó mílímítà 18 ni mo rà, mo sì fún wọn ní ìwé tí mo ti ya bí wọn yóò ṣe gé e. Wọ́n là á ní gígùn sí ọ̀nà mẹ́ta tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 35, torí pé bàtà ọkùnrin tó tóbi pàápàá kì í sábà gùn ju bíi 32 lọ. Wọ́n gé ọ̀kan sí méjì, sẹ̀ǹtímítà 120 lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì. Wọ́n gé àwọn méjì tó kù sí mẹ́ta mẹ́ta, mílímítà 764 lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì di òrùlé, ìsàlẹ̀ àti pẹpẹ mẹ́rin. Bí a bá fi sẹ̀ǹtímítà 8 gbé ìsàlẹ̀ kúrò nílẹ̀, àyè tó wà láàárín pẹpẹ kan sí èkejì yóò lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, bàtà onígìgísẹ̀ gíga àwọn ìyàwó wa yóò sì wọlé láìdùbúlẹ̀. Ayùn máa ń jẹ nǹkan bíi mílímítà 3 níbi tó bá gbà kọjá, ọ̀dọ́kùnrin náà kò sì dúró kí n sọ ọ́ kó tó yọ ìyẹn kúrò nínú ìṣirò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n to pákó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lé ara wọn lórí tábìlì, mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sì sí èyí tó yọ sí mi lọ́wọ́. Ayùn ọwọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó sábà máa ń há ojú pláíwúùdù já wẹ́wẹ́. Àǹfààní mìíràn ni pé pákó tí wọ́n ti gé tán wọ inú kẹ̀kẹ́ márúwá, nígbà tó jẹ́ pé odidi rẹ̀ ì bá gba ọkọ̀ akẹ́rù.

Iná ni ìṣòro wọn. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń tàn, wọ́n á sì fi owó epo lé owó gígé. Wọn kò fi èyí pa mọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n máa sọ ọ́ kí oníbàárà tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn ìyẹn.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni irú pákó tí wọ́n ń tà. Òkìtì méjì ni wọ́n fi hàn mí, wọ́n ní máríìnì, ìyẹn pláíwúùdù tí omi kì í tètè bà jẹ́, ni méjèèjì, iye kan náà ni wọ́n sì pè é. Àwọ̀ ojú pákó kọ́ ló ń sọ ọ́ di máríìnì, bí kò ṣe gúlúù tí wọ́n fi lẹ àwọn ìpele rẹ̀ mọ́ra, nítorí pé omi kò gbọ́dọ̀ lè tú gúlúù náà. Ẹ wo etí pákó: iye ìpele rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ èyí tí a kò lè pín sí méjì dọ́gba, ìlà igi ìpele kan sì máa ń dábùú èkejì kí pákó má baà ká. Bí ẹ bá rí ihò láàárín àwọn ìpele náà, skúrù kò ní rí ibi dì mú níbẹ̀. Mo tọrọ ẹ̀ẹ́kù kékeré láti inú òkìtì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fún mi láìkùn, ìwà tó wú mi lórí gan-an ni. Mo sè wọ́n nínú ìkòkò àtijọ́ kan tí a kì í fi se oúnjẹ mọ́. Ìpele ọ̀kan tú kí omi tó hó pẹ́, èkejì sì dúró digbí títí tí mo fi pa iná. Ohun tí wọ́n ń tà lórúkọ kan náà nìyẹn o! Ẹni tí kò bá dán an wò, orí rẹ̀ ló máa bá a yan èyí tó dára.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ ṣe àṣejù. Etí ọ̀sà ni Ìkòròdú wà, bàtà tó ti rin inú òjò ló sì ń wọ kọ́bọ́ọ̀dù yìí lóṣù Kẹfà. Bí MDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gúlúù tẹ̀ pọ̀, bá mu omi báyìí, yóò wú, kì í sì í padà sí bó ṣe wà. Igi ọ̀gànwó tàbí ìrókò lágbára ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ yìí kò tíì gbẹ tó, pákó gbígbòòrò tí kò gbẹ yóò sì ká mọ́ ọ lójú. Ìdí òjò yìí náà ni mo fi ní kí wọ́n lu ihò sí pákó ẹ̀yìn, èyí tó nípọn tó mílímítà 6, kí atẹ́gùn lè máa wọlé, kí bàtà aláwọ má baà bu. Ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Dádì, ṣé àgò adìyẹ lẹ fẹ́ kàn ni?” Ó lu ihò náà fún mi, ó sì lù ú dáadáa.

Ìdajì pláíwúùdù ni mo rà fún ilẹ̀kùn méjèèjì, inú mi sì dùn pé wọ́n ń ta ìdajì. Wọ́n tún gbẹ́ ojú ihò roboto tí ìdè ilẹ̀kùn máa ń jókòó sí, mílímítà 35 ní ìbú, láìjẹ́ kó lu já sí òdìkejì.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n bá yín lẹ ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń bo etí pákó. Owó tí wọ́n ń gbà pọ̀, gúlúù tí wọ́n sì fi lẹ tèmi kò tó. Oṣù kan kò pé tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí níbi igun tí ọwọ́ ti ń kàn án. Nígbà tí mo pè wọ́n, wọ́n ní oòrùn ló fà á, bẹ́ẹ̀ inú ilé ni kọ́bọ́ọ̀dù wà. Ẹ ra ọ̀já tí gúlúù ti wà lẹ́yìn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn fúnra yín, kí ẹ sì fi sáńdípépà ha etí rẹ̀ kó lè kúnná.

Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀, kó lọ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, nítorí àwọn káfíńtà máa ń kún ibẹ̀ ní Sátidé. Ẹ kọ gbogbo ìwọ̀n yín ní mílímítà, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ íǹṣì. Kí ẹ sì béèrè ẹ̀ẹ́kù pákó yín kí ẹ tó kúrò, torí wọn kì í fà á lé èèyàn lọ́wọ́ àfi tó bá béèrè. Èyí tó ṣẹ́ kù lára pláíwúùdù mi, tí ìbú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 16, ni mo fi ṣe ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù náà.