Ìkìlọ̀: Ẹ Má Ra Ìpara Egbò Orí Lọ́wọ́ Ẹni Tó Fi Fọ́tò Nìkan Dárúkọ Àrùn

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú àgbàlagbà tí egbò orí rẹ̀ kò fẹ́ san ni mo ń kọ̀wé sí. Àwọn oníṣòwò kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọn yóò ní kí ẹ fi fọ́tò orí aláìsàn ránṣẹ́, tí wọn yóò sì dárúkọ àrùn àti iye owó ìpara lójú ẹsẹ̀. Ẹ má san owó náà.

Fọ́tò kò lè parí irú ọ̀rọ̀ yìí. Àrùn kan wà tó sábà máa ń mú àgbàlagbà tí orí rẹ̀ ti pá, tí oòrùn sì ti ń pa á láti ọjọ́ pípẹ́, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní erosive pustular dermatosis: ó máa ń mú èépá, ọyún àti egbò wá, nígbà mìíràn lẹ́yìn tí orí bá fara pa tàbí tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n làpálàpá lè jọ ọ́, psoriasis (àrùn awọ ara tó ń mú pípọ́n àti èépá wá) lè jọ ọ́, jẹjẹrẹ awọ ara náà sì lè jọ ọ́. Ìdí nìyí tí dókítà awọ ara fi máa ń ha èépá, tí ó ń gba ọyún fún àyẹ̀wò, tí ó sì ń gé awọ bíńtín, tí kì í sábà ju mílímítà 4 lọ ní fífẹ̀, kí wọ́n lè wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ìgbà tí wọ́n bá rí i pé kì í ṣe àwọn yòókù ni wọ́n tó máa ń dárúkọ rẹ̀.

Ohun tó ń mú kí àwọn ènìyàn gba àwọn oníṣòwò yìí gbọ́ ni pé ìpara náà lè mú ara tu aláìsàn fún ìgbà díẹ̀. Ìpara tí a kò kọ èròjà rẹ̀ sí lára lè ní sitẹ́rọ́ọ̀dù líle (oògùn tó ń paná wíwú àti pípọ́n ara) bíi clobetasol nínú. Oògùn gidi ni clobetasol (dókítà fúnra rẹ̀ lè kọ ọ́ fún àrùn tí mo sọ lókè yìí), ṣùgbọ́n lórí làpálàpá, yóò paná pípọ́n ara nígbà tí àrùn ń gbilẹ̀ lábẹ́lẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ jẹjẹrẹ, àkókò ìtọ́jú ló ń jẹ. Ẹni tó bá ti lò ó kí ó gbé ike rẹ̀ dání lọ bá dókítà.

Èyí tó burú jù ni títa ìpara fún ẹni tó ti lé ní ọdún 50 tí orí ń fọ́, tí awọ orí ń dùn ún bí a bá fọwọ́ kàn án, tí páárì ẹnu sì ń ro ó bí ó bá ń jẹun. Ìyẹn lè jẹ́ wíwú òpó ẹ̀jẹ̀ ẹ̀bá orí, tó lè fọ́ ènìyàn lójú lójijì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.