Kíláàsì ọjọ́ méjì tí mo lọ ní Lọ́ńdọ̀nù: ìràwọ̀ 4 nínú 5

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe níbí, ọ̀gá wa ló ní ká lọ ṣe Mental Health First Aid, ìyẹn kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bó ṣe máa kọ́kọ́ ran ẹni tí ọkàn ẹ̀ ń dààmú lọ́wọ́, òun náà ló sanwó, torí bó bá jẹ́ owó tèmi ni mi ò ní lọ rárá, mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn wèrè ni wọ́n fẹ́ fi ọjọ́ méjì kọ́ wa. Tọkọtìyàwó kan ní Ọsirélíà, Betty Kitchener àti Tony Jorm, ló bẹ̀rẹ̀ ètò yìí lọ́dún 2000, ìyàwó yẹn fúnra ẹ̀ sì ti ní ìsoríkọ́ rí, ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó dáadáa.

Ọjọ́ kìíní fà díẹ̀ sha. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá rí i tó ń lọ bí ọ̀sẹ̀ méjì pé ẹnì kan ò rí oorun sùn, àbí oorun ṣáá ló ń sùn, oúnjẹ tó fẹ́ràn ò wù ú jẹ mọ́, kì í gbé fóònù, ìwẹ̀ gan-an ti di ogun, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Sáńwíìṣì tí wọ́n fún wa jẹ tutù bíi yìnyín.

Ọjọ́ kejì ló wá dùn. Tíṣà ní tọ́kàn wa ò bá balẹ̀ nípa èèyàn, ká bi í ní tààrà: ṣé ò ń ronú àtipa ara ẹ ni? Gbogbo yàrá dákẹ́, ìyá kan ní ẹ̀gbẹ́ mi ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́o". Èmi náà rò pé ìyẹn ló máa fi sí i lórí, tíṣà ní rárá, ìwádìí ti fi hàn pé bíbéèrè kì í gbìn ín sọ́kàn ẹni, ara tiẹ̀ máa ń tu ọ̀pọ̀ wọn ni. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bi í bóyá ó ti mọ ọ̀nà tó fẹ́ gbà àti ìgbà tó fẹ́ ṣe é, tó bá ti mọ̀ ọ́n ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì níbí.

Ó wá ní nǹkan míì, pé ẹni tí ojú ẹ̀ ti rẹ̀ látọjọ́ tó wá ṣàdédé túra ká, tó ń pín ẹrù ẹ̀ fáwọn èèyàn, ká ṣọ́ ọ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n kan wà ní àgbàlá wa n'Íbàdàn nígbà tí mo wà ní kékeré, ó san gbogbo gbèsè tó jẹ olóúnjẹ, ó gbé rédíò ẹ̀ fún mi, gbogbo wa ń dúpẹ́ pé àdúrà ti gbà. Mi ò gbọ́ ohun tí tíṣà sọ tẹ̀lé e.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ, torí àwọn àmì tiwa ò sí nínú ìwé wọn ni. Àwọn àgbà wa kì í sọ pé inú àwọn bà jẹ́, wọ́n á ní orí ń gbóná, nǹkan ń rìn lórí mi, ayé ti sú mi. A sì máa ń fi "ikú yá j'ẹ̀sín" ṣeré, ẹlòmíì ò ṣeré o. Mo sọ ọ́, tíṣà kọ ọ́ sójú pátákó, mo gbóríyìn fún un.

Lọ́jọ́ Sátidé mo pe àbúrò mi kan ní Leeds tó máa ń kọ "ó ti sú mi" sí status ẹ̀. Mo bi í bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ó ní ṣé orí mi pé ṣá, ó já fóònù mọ́ mi létí. Aago mọ́kànlá alẹ́ ló pè mí padà, a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́, mo fún un ní nọ́ńbà Samaritans, àwọn tó máa ń gbọ́ ẹni tí ayé ti sú lórí fóònù, 116 123, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sántòru, Mọ́ńdè ló lọ rí dókítà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ mú ti ọjọ́ méjì, ẹ má mú ti ìdajì ọjọ́, torí ọjọ́ kejì yẹn gan-an lọjà tẹ́ ẹ fẹ́ rà.