Àjẹmọ́nú ni àbí àtúnṣe wọ́ọ̀dù: èwo ni kò ní jẹ́ kí nọ́ọ̀sì fiṣẹ́ sílẹ̀?

Bí owó díẹ̀ bá wọlé sí ilé ìwòsàn, ṣé ká fi kún àjẹmọ́nú àwọn nọ́ọ̀sì ni, àbí ká fi tún ibi iṣẹ́ wọn ṣe?

Àjẹmọ́nú yá: oṣù tí ẹ bá fi kún un náà ni wọ́n ti máa rí i, ó sì ń fa ẹni tuntun wá. Ṣùgbọ́n oṣooṣù ni ẹ óò máa san án, ọ̀wọ́n gógó ọjà sì lè gbé e jẹ kí ọdún tó yípo.

Àtúnṣe wọ́ọ̀dù máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó hàn. Àmọ́ ẹ wo nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó ń ṣọ́ ọgbọ̀n aláìsàn lóru, tó fi ẹnu há fóònù tó tanná, kó lè rí iṣan tí yóò gún lábẹ́rẹ́. Èló lẹ fẹ́ san fún un tí kò fi ní ronú ìlú òyìnbó? Iná sóólà, omi ẹ̀rọ, yàrá ìsinmi: ẹ̀ẹ̀kan lẹ óò rà wọ́n, ìtọ́jú ló kù. Ewu ibẹ̀ ni pé bí bátìrì bá kú, tí ẹnikẹ́ni ò pààrọ̀ rẹ̀, òkùnkùn ti padà dé.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà ní kí nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ ọdún 2 nílé kí wọ́n tó fìdí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀ fún òkè òkun. Lójú tèmi, ìyẹn ò tu ẹni tó ti rẹ̀ lára.

Bó bá jẹ́ àrọko tẹ́nikẹ́ni kì í fẹ́ wá ni ilé ìwòsàn yín wà, ẹ fi àjẹmọ́nú síwájú. Bó bá jẹ́ àwọn onírìírí ló ń kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́ọ̀dù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kẹ́ ẹ sì fi ẹnì kejì kún ti òru.