Àtúntò sáìtì ẹgbẹ́ oníṣòwò oúnjẹ ní Kétu: ohun tí owó náà rà, àti ibi tí iṣẹ́ ṣì kù sí

Sáìtì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Kétu, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tó ń ta gàrí, èlùbọ́, epo pupa, ẹ̀pà àti kajú ni àgbéyẹ̀wò yìí dá lé. Ilé-iṣẹ́ kan ní Kútọnu ló gba iṣẹ́ náà. A ò ní dárúkọ wọn, torí ohun tó máa wúlò fún ẹni tó ń kà á ni bí iṣẹ́ náà ṣe rí àti ohun tó yẹ kó béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba irú rẹ̀ ṣe. Kì í ṣe àwọ̀ àti àwòrán nìkan ni wọ́n ṣèlérí: wọ́n ní àwọn yóò tún gbogbo ojú ewé tò, àwọn yóò yí orúkọ inú mẹ́nù padà, àwọn yóò sì dán an wò lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó. Títò yẹn dára gan-an, ó tó owó rẹ̀. Àpótí ìwákiri àti fọ́ọ̀mù ni wọn ò kà sí, ibẹ̀ gan-an ló sì ti ń dun oníbàárà.

Ipò inú ẹgbẹ́ ni mẹ́nù àtijọ́ tẹ̀ lé: Ọ́fíìsì Alága, Ọ́fíìsì Akọ̀wé, Akápò, Ẹ̀ka Ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó fẹ́ mọ iye tí àpò gàrí kan jẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé abẹ́ akápò ni wọ́n kó iye ọjà sí. Ó wọ́pọ̀ lórí sáìtì ẹgbẹ́ àti ti ìjọba, torí àwọn tó kọ ọ́ mọ ilé náà tinú tẹ̀yìn. Oníbàárà ò mọ̀ ọ́n, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kó mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kíka ohun tó wà nílẹ̀. Wọ́n ṣí tábìlì kan, ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀: àdírẹ́sì, àkọlé, ẹni tó ń bójú tó o, ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn, àti ìdájọ́ lórí rẹ̀, bóyá kó dúró, kó dà pọ̀ mọ́ òmíràn, tàbí kó kúrò. Iṣẹ́ yìí máa ń súni, òun sì ni àwọn tó ń ṣe sáìtì ní owó pọ́ọ́kú máa ń fò. Ibẹ̀ ló ti hàn pé iye epo pupa wà lójú ewé mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bára mu, kò sì sí èyí tó ní déètì. Ká ní wọ́n fò ó ni, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọn ì bá kó lọ sórí sáìtì tuntun.

Lẹ́yìn náà ni káàdì títò. Wọ́n kọ ohun tí àwọn èèyàn ń wá sára páálí kéékèèké, ohun kan lórí páálí kan, wọ́n kó o fún àwọn ìyálọ́jà, àwọn awakọ̀ àti àwọn tó ń ra ọjà, wọ́n ní kí kálukú kó èyí tó bára tan pọ̀, kó sì fún ìdì kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Páálí 30 sí 50 ló dára. Bó bá kéré jù, ìpín kì í hàn. Bó bá pọ̀ jù, ó ń rẹ èèyàn, ìdì ìkẹyìn á sì kàn di àkójọ ohun tí kò rí ààyè. Jakob Nielsen, tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí, dá a lábàá ní 2004 pé èèyàn 15 tó fún un, iye yẹn náà ni wọ́n sì lò. Ohun kan wà tó máa ń ba àyẹ̀wò yìí jẹ́: bí ọ̀rọ̀ «iye» bá wà lórí páálí mẹ́fà, àwọn èèyàn á kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, láì wo ohun tó wà nídìí rẹ̀. Wọ́n tètè rí i, wọ́n sì tún àwọn páálí náà kọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ti ní lọ́kàn ni pé mẹ́nù máa pín sí ọjà tútù àti ọjà tí a ti ṣe. Àwọn ìyálọ́jà ò tò ó bẹ́ẹ̀ rárá. Gàrí o, èlùbọ́ o, ẹ̀pà o, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín gbogbo rẹ̀ sí: èyí tí ará ilé ń rà, àti èyí tí alájàpá ń kó. Ẹni tó bá mọ òwò á mọ ìdí rẹ̀. Iye méjèèjì yàtọ̀, ọkọ̀ tó ń gbé wọn yàtọ̀, kódà ẹni tí wọ́n ń pè lórí fóònù yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n mẹ́nù tó bá pín gẹ́gẹ́ bí irú ẹni tó ń bọ̀ ní ewu tirẹ̀. Olóúnjẹ tó ń ra àpò kan lóṣù, ṣé ará ilé ni àbí alájàpá? Bí kò bá mọ ibi tí òun wà, méjèèjì ló máa ṣí, yóò sì máa rò pé iye tó dára jù wà ní ibi tí òun ò wò. Bí wọ́n ṣe yanjú rẹ̀ ni ohun tó wù wá jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Wọn ò kọ «Ará ilé» àti «Alájàpá» sórí mẹ́nù. «Rà ní kílò» àti «Rà ní àpò» ni wọ́n kọ. Kò sí ẹni tí kò mọ èyí tí òun ń wá nínú méjèèjì.

Kí wọ́n tó ya ohunkóhun, wọ́n dán ìtò náà wò lórí ìwé: mẹ́nù nìkan, ìpele kan lórí páálí kan, láìsí àwọ̀, láìsí àwòrán, láìsí àpótí ìwákiri. Wọ́n á ní: «Ẹ ń ta gàrí ní Sábẹ, èyí tó wà lọ́wọ́ yín ti fẹ́ tán, ẹ sì fẹ́ kí òmíràn tó pọ̀ dé kí ọjọ́ ọjà tó pé. Ibo lẹ máa tẹ̀?» Ẹni náà á fọwọ́ tọ́ka, wọ́n á fún un ní páálí ìpele kejì, títí yóò fi sọ pé ibí ni. Wọ́n ń kọ ibi tó kọ́kọ́ tọ́ka sí, bóyá ó padà sẹ́yìn, àti bóyá ó débẹ̀. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá ti tó fún ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ tó wà lórí mẹ́nù ò gbọ́dọ̀ sí nínú ìbéèrè. Bó bá wà níbẹ̀, ẹni náà á kàn fi ojú wá ọ̀rọ̀ yẹn ni, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá ìtò yín dára.

Àyẹ̀wò yìí ló pa «Iṣẹ́ Wa» rẹ́. Ẹni tó ń wá ọkọ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹni tó ń wá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹni tó ń wá iṣẹ́ oṣù náà tẹ̀ ẹ́. «Ọkọ̀ àti owó rẹ̀» àti «Ìdánilẹ́kọ̀ọ́» ló rọ́pò rẹ̀.

Lórí fóònù, ìtò náà dúró dáadáa. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ «Mẹ́nù» sí ẹ̀gbẹ́ ìlà mẹ́ta tó ń ṣí i, ìyẹn sì dára, torí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ìlà mẹ́ta yẹn ṣeé tẹ̀. Àwọ̀ ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi kọ iye ọjà lórí funfun ni kò dára. Ìlànà WCAG 2.2 (ìlànà tó ń mú kí sáìtì ṣeé lò fún gbogbo èèyàn, títí kan abirùn) tó jáde ní 2023 ní kí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ lásán àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, kí ibi títẹ̀ sì tó píksẹ́lì 24 níbùú àti lóòró. Bọ́tìnnì wọn tó bẹ́ẹ̀; iye ọjà ò tó o, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé kà nínú oòrùn ọjà.

Àpótí ìwákiri ńkọ́? Ẹ tẹ «ẹ̀pà», ó gbé e jáde. Ẹ tẹ «epa», bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń kọ ọ́ lórí fóònù, kò rí nǹkan kan. Ẹ tẹ «ɛ̀kpà», bí àwọn tó kọ́ ìwé Nàgó, ìyẹn Yorùbá, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ṣe ń kọ ọ́, kò rí nǹkan kan. Nígbà mìíràn gan-an, «ẹ̀pà» tó pé àmì kì í rí «ẹ̀pà». Lẹ́tà «ẹ» ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9, nínú Unicode, ìyẹn àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ṣùgbọ́n «ẹ̀» ò ní. Fóònù kan lè kọ ọ́ ní U+1EB9 kó fi àmì ohùn U+0300 tẹ̀ lé e. Òmíràn lè kọ «è», ìyẹn U+00E8, kó wá fi àmì ìsàlẹ̀ U+0323 sí i. Lójú wa ọ̀kan ni méjèèjì, ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà tí wọn ò kọ́, wọn ò jọra.

Àtúnṣe rẹ̀ ò le. Kí wọ́n ṣe ẹ̀dà kejì gbogbo ọ̀rọ̀ fún ìwákiri nìkan: kí wọ́n tú u sí NFD (ọ̀nà Unicode tó ń ya lẹ́tà kúrò lára àmì rẹ̀), kí wọ́n yọ gbogbo àmì láti U+0300 dé U+036F, kí wọ́n sọ ọ́ di lẹ́tà kékeré. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fọwọ́ sọ «ɛ» di e, «ɔ» di o, torí NFD kì í tú àwọn méjèèjì yìí. Kí «kp» di p, kí «sh» di s. Ohun tí oníbàárà tẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà kan náà. Lóòótọ́, «oko», «ọkọ́» àti «ọkọ̀» á jáde pọ̀, ṣùgbọ́n kò burú, bí èyí tó bá ohun tí oníbàárà tẹ̀ mu pátápátá bá ti wà lókè.

Àmì yìí kan náà ba àdírẹ́sì ojú ewé jẹ́. Wọ́n fi «ọjà» sínú àdírẹ́sì, bí ẹ bá sì fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó lè di %E1%BB%8Dj%C3%A0, tí kò sẹ́ni tó lè kà á. «oja» lásán ló yẹ níbẹ̀. Inú àkọlé ni kí àmì wà ní pípé.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè ọjà ò gba nọ́ńbà fóònù ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2024 ni nọ́ńbà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti di díjítì 10, tí 01 ṣáájú mẹ́jọ àtijọ́, fọ́ọ̀mù wọn sì ń béèrè mẹ́jọ péré. Èdè Faransé ló tún fi ń bá ẹni tó wà lójú ewé Yorùbá wí, ó sì ń pa gbogbo ohun tó ti kọ rẹ́. Fọ́ọ̀mù tó dáa á gba ààyè láàárín nọ́ńbà, á gba +229 tó jẹ́ kóòdù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, á fi 01 kún nọ́ńbà àtijọ́ fúnra rẹ̀, á sì ṣí pátákó nọ́ńbà dípò ti lẹ́tà. Nígbà tí ẹgbẹ́ fẹjọ́ sùn, wọ́n tún un ṣe láì gba owó kún un, a sì yìn wọ́n fún ìyẹn.

Àsíá Nàìjíríà ni wọ́n fi sí ibi tí wọ́n ti ń yan Yorùbá. Lórí sáìtì Kétu! Àsíá kì í ṣe èdè. Orúkọ èdè ni kí wọ́n kọ, «Yorùbá» àti «Français», kí títẹ̀ ẹ́ sì gbé èèyàn lọ sí ojú ewé kan náà ní èdè kejì, kì í ṣe sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ojú ewé Yorùbá gbọ́dọ̀ ní lang="yo" nínú kóòdù rẹ̀, èyí tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé Yorùbá ni; láìsí i, ohùn fóònù tó ń kàwé fún afọ́jú lè fi ahọ́n Faransé kà á.

Wọ́n tún darí gbogbo àdírẹ́sì àtijọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́. Google lè ka irú rẹ̀ sí ojú ewé tó ti sọnù. Kí àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan ní 301, ìyẹn àmì pé ojú ewé ti kó lọ pátápátá, tó lọ sí ojú ewé tó rọ́pò òun gan-an. Tábìlì tí wọ́n fi ka ojú ewé ní ìbẹ̀rẹ̀ ti tò ó sílẹ̀ tán. Wọn ò kàn lò ó ni.

Ọ̀rọ̀ ìwákiri ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n ní owó ọ̀tọ̀ ni, torí «àpótí ìwákiri» nìkan ni àdéhùn sọ, kò sọ ohun tó gbọ́dọ̀ lè rí. Ẹni tó bá fẹ́ gba irú iṣẹ́ yìí ṣe ní Kétu, Sábẹ tàbí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), kó pín owó sí mẹ́ta: ìdá kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdá kan lẹ́yìn àyẹ̀wò mẹ́nù lórí ìwé, ìdá kan ní ìparí. Kó kọ àyẹ̀wò ìparí sínú àdéhùn fúnra rẹ̀: «ẹ̀pà», «epa», «ɛ̀kpà» àti «EPA» gbọ́dọ̀ gbé ojú ewé kan náà jáde, nọ́ńbà díjítì 10 gbọ́dọ̀ wọlé, àdírẹ́sì àtijọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gúnlẹ̀ síbi tó yẹ, èèyàn márùn-ún tí kò rí sáìtì náà rí gbọ́dọ̀ fi fóònù tiwọn béèrè ọjà láìsí ẹni tó ń tọ́ wọn sọ́nà. Kó tó san ìdá kẹta ni kí gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ.