Ooru sàlẹ́ńsà lábẹ́ ìjókòó: kọ́fà páànù, aṣọ tí wọ́n ń wé, tàbí ọ̀dà séráámíìkì?

Ẹni tó bá ti wọ kórópe (bọ́ọ̀sì kékeré) rí láti Sábó dé Ìgbógbó ní Ìkòròdú lọ́sàn-án gangan á mọ ohun tí mò ń sọ. Èrò tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà á máa gbé ìdí sókè, á máa gbé e sílẹ̀, títí dẹ́rẹ́bà á fi na páálí sí i: "Ẹ fi sábẹ́, mọ̀mí." Abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnnì Suzuki Every wà, ibẹ̀ náà ni ti Toyota LiteAce wà, sàlẹ́ńsà, ìyẹn páìpù tí èéfín ń gbà jáde, sì gba abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ lọ sẹ́yìn. LiteAce ni èmi fi ń kó ẹrù láti Ìkòròdú lọ sí Mile 12. Kí n tó dé afárá Májídùn, omi inú ike tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà á ti gbóná bí èyí tí wọ́n fẹ́ fi wẹ ọmọ tuntun. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ yẹ̀ wò tó lè dín ooru yìí kù: kọ́fà páànù, aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ páìpù, àti ọ̀dà séráámíìkì tí wọ́n ń fi kun páìpù. Mo ti náwó lé ọ̀rọ̀ yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo sì náwó àkọ́kọ́ síbi tí kò yẹ. Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó dọ́jà

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá sàlẹ́ńsà yín ń jò. Bí gásíkẹ́ẹ̀tì mánífóòdù (ohun tó ń dí ojú ibi tí sàlẹ́ńsà ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì) bá ti jó, tàbí tí páìpù bá ti lu níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀, èéfín gbígbóná á máa fẹ́ lu ilẹ̀ ọkọ̀ tààrà. Carbon monoxide sì wà nínú èéfín yẹn. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn. Bí orí bá ń fọ́ yín tàbí tí èébì ń gbé yín lẹ́yìn wákàtí kan nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ẹ má ra aṣọ, ẹ má ra ọ̀dà, ẹ lọ dí ihò náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí ẹ bá wé aṣọ mọ́ páìpù tó ń jò, ẹ kàn fi ihò pa mọ́ ni. Kátálíìsì (àpótí inú sàlẹ́ńsà tó ń fọ èéfín mọ́) tó ti dí náà máa ń mú kí abẹ́ ọkọ̀ gbóná kọjá bó ṣe yẹ, kò sì sí ohun tí ẹ lè wé mọ́ ọn tó máa yanjú ìyẹn.

Kọ́fà páànù

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ní kọ́fà yìí láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é: páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà láàárín sàlẹ́ńsà àti ilẹ̀ ọkọ̀. Tó bá pẹ́, bóòtù rẹ̀ á jẹrà, á bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbàgbàgbà. Mẹkáníìkì kan sọ fún mi pé kò wúlò, ó fà á tu, ó sì jù ú sórí òkìtì irin. Èmi náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ariwo ti tán. Ọjọ́ yẹn ni ooru wọlé.

Ìbòòji ni kọ́fà ń ṣe fún ilẹ̀ ọkọ̀. Bí oòrùn ṣe ń ta sí wa lára láti ọ̀nà jíjìn láìfọwọ́ kàn wá ni páìpù tó gbóná ń ta sí ilẹ̀ ọkọ̀. Páànù tó ń dán á dá púpọ̀ nínú ooru náà padà, afẹ́fẹ́ tó ń gba àlàfo kọjá á sì gbé ìyókù lọ. Àlàfo yẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù: ó yẹ kó tó sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì láàárín páànù àti páìpù, kí àlàfo sì wà láàárín páànù àti ilẹ̀ ọkọ̀ pẹ̀lú. Páànù tó bá fara kan páìpù ti di páìpù kejì nìyẹn.

Bí wẹ́dà bá fẹ́ gé tuntun fún yín, ẹ bi í pé irú páànù wo ni. 660°C ni alumíníọ́mù ń yọ́. Ó dára lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ láti àárín lọ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ mánífóòdù, níbi tí èéfín inú páìpù ti lè kọjá 800°C bí ọkọ̀ bá ru ẹrù, sitéńlẹ́ẹ̀sì ni kó lò. Ẹ má jẹ́ kó fi páànù onísíńkì síbẹ̀. Síńkì ń yọ́ ní nǹkan bí 420°C, èéfín rẹ̀ kò sì dára fún ẹni tó ń jó o. Ní ọjà Ládípọ̀ ni mo ti rí tòkunbọ̀ kọ́fà LiteAce mi. Bóòtù tuntun àti wáṣà fífẹ̀ ni mo fi dè é. Kò dún mọ́.

Aṣọ tí wọ́n ń wé

Òun ni mo kọ́kọ́ rà, torí pé ó rọrùn lójú. Ó rí bí báńdéèjì, fífẹ̀ rẹ̀ máa ń jẹ́ sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, wọ́n á ká a jọ ní mítà mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èyí tí wọ́n fi òwú gíláàsì ṣe lè fara da nǹkan bí 550°C. Èyí tí wọ́n fi òwú òkúta iná ṣe lè sún mọ́ 1,000°C. Wọ́n ń rẹ ẹ́ sómi kí wọ́n tó wé e kó lè fún mọ́ páìpù dáadáa, wọ́n á sì fi okùn sitéńlẹ́ẹ̀sì dè é. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, òwú gíláàsì ń yún èèyàn burúkú. Á rú èéfín díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má fòyà.

Ó dín ooru kù lóòótọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ooru tí kò jẹ́ kó jáde á dúró sára irin. Mánífóòdù tí wọ́n fi irin dídà ṣe lè sán, irin lásán á sì máa ṣí bí èèpo. Ẹ wá fi omi Ìkòròdú kún un. Bí òjò bá rọ̀, a máa ń wa ọkọ̀ gba inú àgbàrá, aṣọ náà á sì mu ún bíi kànìnkànìn. Nígbà tí mo tú tèmi lẹ́yìn òjò ọdún kan ṣoṣo, ìpẹtà ti jẹ páìpù débi tí ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan tún wà tó ká mi lára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ́ńjìnnì yín bá ń kán ọ́ìlì, ẹ má wé aṣọ rárá. Ọ́ìlì tó bá rin ín, tí irin gbígbóná sì wà nínú rẹ̀, ó lè gbiná lábẹ́ èrò. Ẹ má wé kátálíìsì náà, ẹ má sì gba okùn asbestos àtijọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ.

Ọ̀dà séráámíìkì

Òun ló wọ́n jù, òun náà ló dára jù bí páìpù yín bá jẹ́ tuntun. Kì í mu omi, ó ń dáàbò bo irin lọ́wọ́ ìpẹtà, kò sì sí ohun tó lè tú. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ tú páìpù sílẹ̀, kí wọ́n fi iyanrìn fẹ́ ẹ títí irin á fi funfun, kí wọ́n kùn ún, kí wọ́n sì yan án nínú ààrò. Ẹni tó bá ní òun á fi agolo fín in lábẹ́ ọkọ̀ lórí ìdúró, ọ̀dà tí iná kì í tètè bó ló ń tà fún yín. Ìyẹn wúlò fún ìpẹtà, kò ní kí itan yín tutù. Lórí páìpù àtijọ́ tó ti tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má fowó yín ṣòfò.

Ní ti rọ́bà onífóìlì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, inú ọkọ̀ ni kó wà, lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ó ń ran kọ́fà lọ́wọ́, ó sì ń pa ariwo. Bí kò bá sí kọ́fà lábẹ́, kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe.

Fún ọkọ̀ èrò tàbí ọkọ̀ ẹrù tó ti pẹ́ lójú ọ̀nà, tó sì ń wọ omi, kọ́fà ni mo yàn, kí rọ́bà tẹ̀lé e bí owó bá kù. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pààrọ̀ sàlẹ́ńsà pátápátá, kó kun tuntun náà ní séráámíìkì kí wọ́n tó dè é. Aṣọ ni mo fi sẹ́yìn. Ọkọ̀ tí kì í wọ omi, tí kì í kán ọ́ìlì, tí páìpù rẹ̀ jẹ́ sitéńlẹ́ẹ̀sì nìkan ni mo lè gbà á nímọ̀ràn fún.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru sílẹ̀ lábẹ́ ìjókòó, kí ẹ wa ọkọ̀ láti Sábó dé Mile 12 lọ́sàn-án, kí ẹ kọ iye tó bá sọ sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ń nà síwájú orí wa lọ́dún 2020 nígbà kòrónà kò lè ṣe é, ara èèyàn ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ rin ọ̀nà kan náà ní wákàtí kan náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún de bóòtù kọ́fà kó le dáadáa, kí ó má baà tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.