Kẹ̀kẹ́ ńlá àtijọ́ tàbí tòkunbọ̀ oníjíà: èwo ni ká rà?

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní Kàbà, Ìyàrà àti Ìsánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogí.

Ní ti àtúnṣe, kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ló fúyẹ́ lápò. Ohun tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ kò pọ̀, ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lọ́jà sì mọ̀ ọ́n tinú-tẹ̀yìn. Ti oníjíà ní wáyà, ó tún ní irin kékeré tó ń gbé ṣéènì láti orí eyín kan bọ́ sí òmíràn. Bí irin yẹn bá wọ́, ó lè di Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin kó o tó rí irú rẹ̀.

Òkè gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá mọ agbègbè Ògìdì mọ ohun tí mò ń wí. Lórí kẹ̀kẹ́ àtijọ́, wàá sọ̀ kalẹ̀, wàá máa tì í; lórí oníjíà, wàá yí i sí jíà tó fúyẹ́, wàá sì máa wà á lọ díẹ̀díẹ̀, àwọn ọmọdé kò ní fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Lójú tèmi, sísọ̀kalẹ̀ láti orí òkè léwu ju gígùn ún lọ: bíréèkì kẹ̀kẹ́ àtijọ́, tó ń fi ọ̀pá irin ṣiṣẹ́, kì í di ríìmù onírin mú dáadáa bí òjò bá ti rin ín. Ríìmù alumíníọ̀mù, irú èyí tó wà lára ọ̀pọ̀ oníjíà, sàn jùyẹn lọ.

Ẹrù ńkọ́? Àpò kajú kò ni kẹ̀kẹ́ àtijọ́ lára. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ kò tilẹ̀ ní kárìà.

Bí oko rẹ bá wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú, tó o sì ń ru iṣu, ti àtijọ́ bá ọ mu. Bó bá jẹ́ eré ìdárayá lórí òkè lò ń wá, oníjíà ni, ṣùgbọ́n máa tọ́jú owó wáyà pamọ́.