Ìkìlọ̀ fún oníṣọ́ọ̀bù: ẹ ṣọ́ra fún sítíkà "á bọ́ wẹ́rẹ́" tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra láti fi àwòrán ẹ̀dínwó ọdún sójú gíláàsì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà ní agbègbè Ṣómólú tó ń gba owó sítíkà tó ṣeé ṣí kúrò, tó sì ń lẹ èyí tí kò ṣeé ṣí mọ́ gíláàsì oníbàárà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe é. Ẹ máa rí irú rẹ̀ ní Múṣin, ẹ máa rí irú rẹ̀ ní Erékùṣù Èkó. Onítẹ̀wé tó mọṣẹ́, tó sì ń ṣòótọ́, kún Ṣómólú, ọ̀dọ̀ wọn náà ni mo ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ohun tó jẹ mí lógún ni kẹ́ ẹ mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe jìbìtì náà.

Ṣọ́ọ̀bù aṣọ tí mò ń bójú tó ní Sùúrùlérè, ìwọ̀-oòrùn ni gíláàsì rẹ̀ kọjú sí. Tó bá ti di ọ̀sán, oòrùn á rọ́ wọlé títí di ìrọ̀lẹ́. A fẹ́ àwòrán tó máa wà níbẹ̀ láti oṣù kẹwàá títí ọdún tuntun á fi wọlé, tí a ó sì yọ ọ́. Onílé ti sọ fún wa pé òun lòun lẹ tíǹtì mọ́ gíláàsì náà, pé kò gbọdọ̀ bà jẹ́. Gbogbo èyí ni mo ṣàlàyé fún ọkùnrin náà. Ó ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọjà òyìnbó ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ kàn fa etí ẹ̀ ni, á bọ́ wẹ́rẹ́." Ó mú sítíkà pélébé kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì orí tábìlì rẹ̀, ó tún fà á. Ó bọ́ lóòótọ́, kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ìyẹn ló fi gba owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti sítíkà lásán.

Ibẹ̀ gan-an ni jìbìtì náà wà. Ó ṣòro kí ẹ tó rí sítíkà tí kò ní ṣí tí ẹ bá fà á níṣẹ̀ẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tíì di gíláàsì mú nígbà yẹn, ó máa ń tó bí ọjọ́ kan kó tó gbá a mú dáadáa. Nítorí náà, ohun tí wọ́n bá fi hàn yín lórí tábìlì kò jẹ́rìí sí nǹkan kan.

Nígbà tí a máa fi yọ ọ́, sítíkà ti súnkì yíká, ó sì ti fi ìlà gọ́ọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ létí. Eruku ọyẹ́ ti lẹ̀ mọ́ ìlà yẹn, ó ti dúdú. Ọmọbìnrin tó wà nínú àwòrán, pupa ètè rẹ̀ ti lọ, yẹ́lò aṣọ rẹ̀ ti lọ, ojú rẹ̀ ti di búlúù. A fa etí rẹ̀, ó já. A tún fà á, ó ń já wẹ́wẹ́ bí èékánná, gọ́ọ̀mù ń kù sílẹ̀, ibi tí kò ti já sì ń bá tíǹtì onílé wá. Àwa la san owó tíǹtì tuntun. Ọkùnrin náà ní oòrùn wa ló pọ̀ jù. Ẹ má gba irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni! Mo ti sọ fún un pé oòrùn wà níbẹ̀, torí oòrùn la ṣe san owó gọbọi.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun tí a ń rà. Sítíkà tí àwọn onítẹ̀wé ń pè ní SAV ní rọ́bà tí wọ́n ń tẹ àwòrán sí, ó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, ó sì ní bébà tó bo gọ́ọ̀mù náà. Àwòrán ni gbogbo wa máa ń wò, bẹ́ẹ̀ gọ́ọ̀mù ló yẹ ká béèrè. Èyí tí wọ́n kọ permanent sí, wọn ò ṣe é kó ṣí. Èyí tí wọ́n kọ removable sí, ilé iṣẹ́ tó ṣe é fọwọ́ sọ̀yà pé ó máa ṣí láì fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀ láàárín àsìkò kan, wọ́n sì máa ń kọ àsìkò náà sínú ìwé ọjà: oṣù díẹ̀ fún òmíràn, ọdún kan tàbí méjì fún òmíràn. Tí àsìkò yẹn bá kọjá, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gan mọ́ gíláàsì, ooru sì máa ń jẹ́ kó yá. Ẹni tó bá ń ta removable tí kò lè fi ìwé ọjà rẹ̀ hàn yín lórí fóònù, ẹ bọ́ síwájú.

Rọ́bà náà ní tiẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà, tó sì pọ́ọ́kú jù, ni monomeric. Rólà gbígbóná ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n á sì fà á gùn. Tí oòrùn bá mú un lára gíláàsì, á fẹ́ padà sí bó ṣe wà kí wọ́n tó fà á, ìyẹn ló ń fà á tó fi ń súnkì. Polymeric sàn jù ú lọ. Cast kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ súnkì, torí ṣe ni wọ́n ń dà á ní ṣíṣàn tí wọ́n sì ń jẹ́ kó gan bẹ́ẹ̀, wọn kì í fà á. Cast yìí, tó wọ́n jù, tún tín-ín-rín ju gbogbo wọn lọ: ó máa ń wà ní nǹkan bí míkírọ́ọ̀nù 50 (ẹgbẹ̀rún míkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan), nígbà tí monomeric sábà máa ń tó 80 sí 100. Ẹni tó bá wá ní kẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ tòun wò, pé bó ṣe nípọn yẹn ló jẹ́ kó wọ́n, irọ́ ló ń pa fún yín. Lójú tèmi, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta kò nílò cast. Monomeric tó ní ojúlówó gọ́ọ̀mù removable tó o, kẹ́ ẹ kàn gbà pé etí rẹ̀ lè sún díẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni owó lámínéṣọ̀n, ìyẹn rọ́bà tín-ín-rín tó mọ́ gaara tí wọ́n fi ń bo ojú àwòrán. Àwòrán tí a fẹ́ lẹ̀ mọ́ inú gíláàsì kí ará ìta lè rí i, orí rọ́bà tó mọ́ gaara ni wọ́n sábà ń tẹ̀ ẹ́ sí, ní òdì, wọ́n á wá fi íńkì funfun tì í lẹ́yìn. Ìta ni oòrùn ti ń wá. Ó ń gba inú gíláàsì, ó ń gba inú gọ́ọ̀mù, ó ń kan àwọ̀, ẹ̀yìn gbogbo ìyẹn ló tó kan lámínéṣọ̀n tó kọjú sínú ṣọ́ọ̀bù. Kí ni lámínéṣọ̀n yẹn fẹ́ dí? Kò wúlò ju kí ìgbálẹ̀ tàbí ọwọ́ ọmọ má ha àwòrán lọ. Tí wọ́n bá kọ "lámínéṣọ̀n tó ń lé oòrùn" sínú ínfọ́ìsì yín fún irú iṣẹ́ yìí, ẹ ní kí wọ́n fa igi lé e. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ pé gíláàsì ti gba àwọ̀ là. Nínú ìtànṣán oòrùn tí ojú kò lè rí, gíláàsì lásán ń dí èyí tí wọ́n ń pè ní UVB, àmọ́ púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń pè ní UVA ń wọlé, ó sì ń pa íńkì. Pupa àti yẹ́lò ló sábà ń kọ́kọ́ ṣá. Ẹ béèrè irú íńkì tó wà nínú ẹ̀rọ wọn, torí íńkì dye, tí àwọ̀ rẹ̀ yọ́ pátápátá sínú íńkì, ń tètè ṣá ju ti pigment, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tù lẹ́búlẹ́bú, lọ.

Wọ́n tún máa ń ti one-way vision, èyí tó ní ihò wínníwínní, mọ́ èèyàn lọ́rùn, bóyá torí pé ó ṣẹ́ kù láti ara iṣẹ́ ẹlòmíràn. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà, ìta gíláàsì ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Dúdú ni ẹ̀yìn rẹ̀ tó ní gọ́ọ̀mù, nítorí náà, tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú, dúdú ni ará ìta máa rí. Ti inú wà lọ́tọ̀.

Static cling, èyí tí kò ní gọ́ọ̀mù rárá, dára fún àwòrán kékeré lórí gíláàsì tó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n tó bá fẹ̀ tí oòrùn sì ń jó o, etí rẹ̀ á máa ká, á sì já bọ́. Àwọn kan ń ta sítíkà onígọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́ lórúkọ rẹ̀. Ẹ fi tíṣù tẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Tí òwú tíṣù bá kù lára rẹ̀, gọ́ọ̀mù wà níbẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rà báyìí, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Ẹ ní kí wọ́n gbé róòlù jáde, kẹ́ ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ àti sẹ́yìn bébà, torí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá ló máa ń tẹ orúkọ wọn síbẹ̀ léraléra. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Kí wọ́n gé díẹ̀ fún yín lára róòlù yẹn gan-an, kí ẹ̀yin àti ẹni tó ń tà á jọ fọwọ́ síwèé sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ lẹ apá kan rẹ̀ mọ́ gíláàsì tiyín níbi tí oòrùn ti mú jù, ẹ fi máákà fa ìlà yí i ká, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí etí rẹ̀ bá ti kúrò lójú ìlà, ẹ ti rí bó ṣe máa súnkì. Tí ẹ bá fà á tó ń já tàbí tó fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀, ẹ má fún wọn níṣẹ́ náà. Èyí tó kù lọ́wọ́ yín, ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì, kí wọ́n sì kọ "removable" sínú rìsíìtì náà. Ẹ má san gbogbo owó tán kí iṣẹ́ tó wà lójú gíláàsì. Tí sítíkà tí wọ́n gbé wá bá ṣì ń rùn íńkì fòò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Íńkì solvent, ìyẹn íńkì oníkẹ́míkà tó ń rùn bẹ́ẹ̀, nílò bí wákàtí 24 kó gbẹ kí wọ́n tó fi nǹkan bò ó tàbí lẹ̀ ẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ba gọ́ọ̀mù jẹ́.

Ẹ sọ fún ẹni tó ń ya àwòrán náà kó má fi dúdú kún ojú gíláàsì ńlá tí oòrùn ń jó. Dúdú ń gba ooru sára, apá kan gíláàsì á gbóná ju ìkejì lọ, ó sì lè sán, pàápàá gíláàsì onítíǹtì.

Ẹni tó bá ti kó sínú rẹ̀, ẹ má fi abẹ ha á tí tíǹtì bá wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ ooru sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ máa fà á jẹ́jẹ́, kí ọwọ́ yín sún mọ́ gíláàsì. Gọ́ọ̀mù tó bá kù, ẹ fi omi ọṣẹ rẹ ẹ́, ẹ fi ike pẹlẹbẹ tì í kúrò. Òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣe é. Ẹ má da omi tútù lu gíláàsì tí oòrùn ń jó lọ́wọ́.

Kẹ́ ẹ sì má dákẹ́. Òfin FCCPA ti 2018, òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sọ pé ọjà tí wọ́n fi àpẹẹrẹ tà fún èèyàn gbọ́dọ̀ bá àpẹẹrẹ náà mu. Ẹ lè kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú òfin náà ṣẹ, ẹ sì lè lọ bá LASCOPA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń gbèjà oníbàárà. Ohun tí ẹ máa gbé lọ ni rìsíìtì, fọ́tò róòlù, èyí tẹ́ ẹ jọ fọwọ́ síwèé sí lẹ́yìn, àti díẹ̀ lára èyí tí wọ́n lẹ̀ gan-an.